Láti Sùúrùlérè dé Eko Atlantic: Bí A Ṣe Ń Múra fún Eré Ẹlẹ́mìí-Ẹṣin

Eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí marathon, gùn tó kìlómítà 42 àti mítà 195 níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sá a láyé. Ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1908 ní ìlú London ni iye yìí ti wá, ọdún 1921 ni ó sì di òfin fún gbogbo ayé. Ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, ọdún 2016, láti ìgbà náà sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń kóra jọ síwájú Pápá Ìṣeré Àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, láti fẹsẹ̀ gba orí afárá Third Mainland lọ sí Eko Atlantic. Àwọn tí ń du owó ẹ̀bùn níwájú kò tó nǹkan. Àfojúsùn tí kálukú gbé ka iwájú ara rẹ̀ ni àwa yòókù ń lé. Àwa yìí ni mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, mo sì fi wákàtí márùn-ún ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, nítorí òun ni èmi náà lé fún ọdún méjì kí ọwọ́ mi tó tẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún àkọ́kọ́, mo sá kìlómítà mẹ́wàá ìbẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 58. Ẹni tó bá fẹ́ lo wákàtí márùn-ún gbáko yóò máa lo ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 6 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 71 fún mẹ́wàá. Mo ti jẹ gbèsè ìṣẹ́jú 13 láìmọ̀, orí afárá ni mo sì ti san án. Itan mi méjèèjì le gbagidi bí igi, mo ń rìn, àwọn àgbàlagbà tó dàgbà tó bàbá mi ń sá kọjá lára mi, mo sì parí ní wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 41. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ kan náà yìí gbé mi débẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56. Ohun tó yàtọ̀ ni sùúrù: sùúrù nínú oṣù márùn-ún tí mo fi múra, àti sùúrù nínú wákàtí méjì àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ọ̀nà

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà wà nínú ìdílé rẹ̀, àti ẹni tí àyà máa ń dùn bó bá gun àtẹ̀gùn, kò gbọdọ̀ fi èyí falẹ̀ rárá. Ẹ mọ jínótáìpù yín pẹ̀lú. Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé eré yìí láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá a fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ́ AS lè sá a, ṣùgbọ́n kó má ṣe fojú kéré oòrùn líle, àìmu omi tó àti fífi gbogbo agbára sáré lójijì, nítorí ewu wọn pọ̀ fún un ju fún ẹni tó jẹ́ AA lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ara yín dáadáa kí ẹ tó sọ iye wákàtí tí ẹ ń lé. Ẹ má ṣe mú un láti ẹnu ọ̀rẹ́. Ọ̀nà kan tí àwọn asáré máa ń gbà mọ̀ ọ́n ni pé kí ènìyàn sá ìdajì rẹ̀, ìyẹn kìlómítà 21, kó sọ àkókò tó lò di ìlọ́po méjì, kó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 kún un. Ẹni tó bá sá ìdajì ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, wákàtí márùn-ún kò kọjá agbára rẹ̀. Ẹni tó bá lo wákàtí méjì àti ààbọ̀ ṣì lè sá eré náà parí tayọ̀tayọ̀, àmọ́ kó lé wákàtí márùn-ún àti ìdajì lọ́dún yìí ná.

Bàtà ni ohun kan ṣoṣo tí mo máa ní kí ẹ náwó sí. Ẹ lọ rà á ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ sì rí i pé àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti imú bàtà. Bó bá jẹ́ òkìríkà ni agbára ká, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìtìmù funfun tó wà lókè àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Bó bá rì, tó sì tún dìde, ó ṣì ní ẹ̀mí. Bó bá le bí pákó, tàbí tó rì tí kò dìde mọ́, eékún yín ni yóò máa jẹ ìyà ohun tó yẹ kí bàtà gbà mọ́ra.

Ogún ọ̀sẹ̀

Oṣù Kejì ni wọ́n máa ń sá eré Èkó. Bí a bá ka ogún ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn láti ọjọ́ náà, ìparí oṣù Kẹsàn-án ni yóò bọ́ sí. Ẹni tó bá lè sá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró ní àkókò yìí ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi oṣù méjì ṣáájú máa fi ìrìn pọ̀ mọ́ eré sísá: kó sá fún ìṣẹ́jú kan, kó rìn fún méjì, kó sì máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí eré yóò fi borí ìrìn.

Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká a mọ́, tó sì ń padà wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, oorun ni ara rẹ̀ ń wá ju ọjọ́ eré karùn-ún lọ. Ẹ sá kìlómítà mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ náà ní Ọjọ́bọ̀, díẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì fi ọjọ́ Àbámẹ́ta sá èyí tó gùn jù lọ. Èyí tó gùn yìí ni òpómúléró gbogbo ìmúrasílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti kìlómítà mẹ́wàá, kí ẹ máa fi méjì kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ẹ dín in kù kí ara lè sinmi, kí ẹ tún wá gòkè sí i. Mẹ́wàá, méjìlá, mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. Mẹ́rìndínlógún, méjìdínlógún, ogún, lẹ́yìn náà mẹ́rìnlá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá ń lọ báyìí yóò ti dé kìlómítà 28 tàbí 30 nígbà tí oṣù Kìíní bá dé ìdajì, kò sì sí ìdí fún un láti sá ju ìyẹn lọ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìdí tí a fi ń rọra gòkè ni pé gbogbo ẹ̀yà ara kì í gba agbára pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró yóò ti le, èémí kò ní máa gbẹ yín mọ́, ẹ óò sì máa rò pé kò sí ohun tí ẹ kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n egungun àti okùn iṣan tó so mọ́ ọn máa ń lo oṣù púpọ̀ kó tó le. Àárín àsìkò méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fara pa, nítorí èémí ti gbà fún wọn kí egungun ojúgun tó gbà. Bí ìrora kan bá ń mú yín yí bí ẹ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ padà, ẹ dá eré dúró lọ́jọ́ náà. Èyí tó kàn ń ro yín díẹ̀, tó sì ń lọ bí ara bá ti gbóná, ẹ lè bá a rìn.

Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́ ni bí eré tí wọ́n ń sá ṣe ń yára tó. Wọ́n ń yára jù ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n rọra. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo eré tí ẹ óò sá láàárín oṣù márùn-ún yìí gbọ́dọ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ óò lè ka oríkì ìdílé yín sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé èémí gé e sí méjì. Bí ẹ bá ní láti sinmi láàárín ìlà kan, ẹ ti ń yára jù. Fún ẹni tó ń lé wákàtí márùn-ún, èyí lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún kìlómítà kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn. Ó ń ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin lójú kí wọ́n máa rọra sáré bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ àdúgbò. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kó tì yín. Nínú eré jẹ́jẹ́ yìí ni àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú iṣan ti ń pọ̀ sí i, níbẹ̀ sì ni ara ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rá ṣe epo dípò ṣúgà, ẹ óò sì rí ìwúlò ìyẹn lórí afárá.

Ní Ọjọ́bọ̀ nìkan ni kí ẹ máa fi iyọ̀ sí i: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi mú ara gbóná, ẹ sá ogún ìṣẹ́jú ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú méje fún kìlómítà kan, kí ẹsẹ̀ lè mọ ìwọ̀n náà láìwo aago. Láti oṣù Kejìlá, ẹ fi ìwọ̀n yìí kan náà parí kìlómítà mẹ́fà tó kẹ́yìn nínú eré gígùn ọjọ́ Àbámẹ́ta, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn ilé, kí ẹ fi ìka ẹsẹ̀ dìde, kí ẹ sì rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, òun ló sì wo iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi tó ń yọ mí lẹ́nu sàn.

Ojú ọjọ́ àti ojú ọ̀nà

Ogún ọ̀sẹ̀ yìí yóò gbé yín gba ìgbà mẹ́ta kọjá. Òjò ni yóò kọ́kọ́ bá yín, nítorí oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá kì í gbẹ ní Èkó. Omi máa ń bo kòtò àti ojú gọ́tà tí kò ní ìdérí, nítorí náà ẹ má ṣe sá lójú ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀ nígbà tí omi bá dúró sí i. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé pẹ̀lú eruku rẹ̀. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée má jáde láìmú ẹ̀rọ tó fi ń fa oògùn sínú (inhaler) dání, kó sì dúró sílé ní òwúrọ̀ tí eruku bá ṣú bo ìlú. Ooru oṣù Kejì ló máa kẹ́yìn, ọjọ́ eré gan-an ni yóò sì bọ́ sí àárín rẹ̀. Nítorí èyí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn eré kúkúrú yín bọ́ sí aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ara lè kọ́ bí a ti ń làágùn.

Ẹ dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wá ẹnì kejì bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ fi afárá Third Mainland dánra wò ní ọjọ́ lásán. Eré àsápajúdé ni àwọn awakọ̀ ń sá níbẹ̀. Ẹ lọ sórí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí, èyí tó ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹ gùn ún, kí ẹ sọ̀ ọ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Oúnjẹ àti omi

Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ki, ohun tó sì tọ́jú kò tó eré yìí. Ní nǹkan bíi kìlómítà 30, ó máa ń tán, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá nìkan, èyí tí kì í jó kíákíá, ẹsẹ̀ á sì wúwo lójijì bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá yára níbẹ̀rẹ̀ ń jó ṣúgà yìí ní ìlọ́po. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn.

A lè sún àkókò náà síwájú. Ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú eré, ẹ jẹ́ kí ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì àti ẹ̀bà pọ̀ nínú oúnjẹ yín, kí ẹran àti epo dín kù. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ata sílẹ̀ ní ọjọ́ tó ku ọ̀la, nítorí inú tó ń run kò mọ̀ pé ọjọ́ eré ni. Lójú ọ̀nà, ara nílò ṣúgà gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Dàbínù gbígbẹ mẹ́fà tàbí méje, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti gúlúkóòsì díẹ̀, ti súnmọ́ ọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìṣẹ́jú 40, kí ebi tó pa yín. Ohunkóhun tí ẹ kò bá jẹ rí nínú eré gígùn ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má jẹ ẹ́ ní ọjọ́ náà.

Omi inú ọ̀rá ni ẹ óò máa rí gbà lójú ọ̀nà, mímu rẹ̀ lórí eré sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ fi eyín gé igun kan péré, kí ihò rẹ̀ má ju orí ìṣáná lọ, kí ẹ di ìdí ọ̀rá náà mú, kí ẹ fún un sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e mì láàárín èémí méjì. Ẹni tó bá ya gbogbo ẹnu rẹ̀ yóò da ìdajì rẹ̀ sí àyà, ìyókù yóò sì pá a lórí. Ẹ mu ún bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Omi àmujù náà ń pani, nítorí ó máa ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù, orí á fọ́, ọpọlọ á sì wú. Bí ẹ bá fẹ́ omi oníyọ̀ lẹ́yìn eré gígùn, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ nínú lítà kan omi tó mọ́ ti tó. Ẹ má ṣe lo oògùn ìrora bí ibuprofen kí ẹ tó sáré tàbí nígbà tí ẹ ń sáré. Kíndìnrín tí omi kò tó nínú ara rẹ̀ kò lè gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn

Ẹ dín eré kù: ẹ sá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ẹ ń sá tẹ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì ní èkejì, díẹ̀ kíún ní èyí tó kẹ́yìn. Ara yóò máa yún yín, ẹ óò máa rò pé agbára ń lọ. Kò lọ. Ìgbà yìí ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ yìí lọ sá kìlómítà 25 láti fi dá ara rẹ̀ lójú, àárẹ̀ ni yóò gbé lọ sí Sùúrùlérè.

Ọjọ́ náà

Ẹ jẹun ní wákàtí mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀: búrẹ́dì àti oyin, tàbí iṣu sísè díẹ̀. Ẹ fi òrí tàbí faselíìnì pa abíyá, abẹ́ itan àti orí ọmú, nítorí aṣọ tó kún fún òógùn máa ń bó ènìyàn títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. Bàtà tí ẹ ti fi sá eré gígùn mẹ́ta ó kéré tán ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ tò sẹ́yìn. Ìlù yóò máa dún, àwọn ènìyàn yóò máa hó, gbogbo ara yóò sì fẹ́ fò. Ẹ sá kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tilẹ̀ kọjá lára yín. Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò móyè jẹ, asárétete kò ní róyè jẹ. Láti ibẹ̀, ẹ dúró sí ìṣẹ́jú méje gẹ́lẹ́. Ẹ óò dé kìlómítà mẹ́wàá ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 11, ìdajì eré ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 29, ọgbọ̀n kìlómítà ní wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 31. Ẹ fi yíǹkì kọ iye mẹ́ta yìí sí apá, nítorí orí tó ti rẹ̀ kì í lè ṣírò. Bí ẹ bá rìn fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú níbi tí wọ́n ti ń pín omi, ẹ kò ṣẹ̀, kìkì kí ẹ ti fi sínú ìṣirò yín.

Afárá náà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, gùn tó kìlómítà 11.8, ẹ óò sì wà lórí rẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Kò sí igi, kò sí òjìji, kò sí ọjà tí ènìyàn yóò máa wò. Oòrùn wà lórí, kọnkéré ń fi ooru ránṣẹ́ láti ìsàlẹ̀, èéfín ẹja Màkókò á sì máa wá láti ọ̀tún bí atẹ́gùn bá yí. Ẹ má ṣe gbé ojú sókè wo àwọn ilé gíga Erékùṣù Èkó. Wọn kì í súnmọ́. Ẹ wo òpó iná tó kàn, kí ẹ dé ibẹ̀, kí ẹ wo òmíràn. Ẹ ju apá sílẹ̀, kí ẹ tú ọwọ́ tí ẹ dì, kí ẹ sì da omi tó bá ṣẹ́kù sórí àti sí ọrùn. Bí ara bá ń gbóná ṣùgbọ́n tí òógùn dáwọ́ dúró, tí òtútù ń mú yín tàbí tí ojú ń ṣú, ẹ dúró, kí ẹ pe àwọn elétò ìlera tó wà lójú ọ̀nà. Eré mìíràn yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá sọ̀ kúrò lórí afárá tí ẹ ṣì lè sọ gbólóhùn kan já gaara, ọwọ́ yín ti ń tẹ̀ ẹ́. Láti kìlómítà 35 ni kí ẹ ná ohun tó kù. Ẹ kó ẹsẹ̀ jọ, kí ìṣísẹ̀ kúrú, kí ó sì yá.

Nígbà tí ẹ bá kọjá ìlà, ẹ má jókòó. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ jẹ nǹkan tó ní iyọ̀ àti ṣúgà kí wákàtí kan tó kọjá, kí ẹ sì tú bàtà wò. Èékánná tó bá dúdú, ẹ má fà á tu. Yóò bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kọ gbogbo àkókò yín sílẹ̀, kìlómítà márùn-ún sí márùn-ún, pẹ̀lú ohun tí ẹ jẹ àti ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ wúwo. Orí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú abọ́ omi tútù, ni mo ti kọ tèmi lọ́dún àkọ́kọ́, nínú ìwé náà ni mo sì ti rí ìṣẹ́jú 58 yẹn, tí mo fi pẹ́ńsù pupa yí i ká.